Ìbéèrè Àbúrò Mi Ni Mo Fi Wọlé

"Ẹ má tíì mú bírò jáde," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí yàtọ̀ sí ohun tí mo máa ń wá sọ níbí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ó tó àkókò kí n bì í jáde wàyí. Bí mi ò bá bì í jáde níwájú yín, bí mo ṣe máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn, bí mo ṣe máa gbé e darúgbó nìyẹn."

Àwọn ọmọ tó wá wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ló kún gbọ̀ngàn náà, olúkúlùkù nínú aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ẹlòmíràn ń fi itan nu òógùn àtẹ́lẹwọ́. Lọ́dọọdún, kí ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń rán sí wọn pé kó wá là wọ́n lóye lórí irú ìbéèrè tó yẹ kí àwọn náà bi ìgbìmọ̀. Ìdí ni pé nígbà tirẹ̀, ó béèrè àwọn ìbéèrè kan tí àwọn olùkọ́ ò gbàgbé. Wọ́n ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó ti wà ní ọdún àṣekágbá báyìí, wọn ò sì tíì yéé fi yìn ín.

"Àwọn ìbéèrè yẹn," ló wí, "mo jí wọn ni. Ọwọ́ àbúrò mi ni mo sì ti jí wọn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé aránṣọ ni wọ́n ti tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà. Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wà, yàrá tí wọ́n ń sùn sì wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n jọ dàgbà níbẹ̀, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá ọmọ náà ti kú, bàbá rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, kì í gbélé. Bí ó ṣe di ọmọ aránṣọ nìyẹn. Oṣù díẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ náà ti tó: "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá ló sọ àwọn méjèèjì ní orúkọ tó mọ́ wọn lára. Ó sọ ti àkọ́kọ́ ní Jẹ́jẹ́ torí pé ó lè wà nínú ilé láti àárọ̀ kí ẹ má mọ̀. Ó sọ èkejì ní Oníbéèrè torí pé kò sí ohun tí kò ní bi yín. Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ fi ní ihò? Tí oníbàárà bá sanra lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ta ló jẹ̀bi?

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Oníbéèrè wú nígbà kan, Jẹ́jẹ́ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Tòun ti irinṣẹ́ lẹ́nu, Oníbéèrè ò yé béèrè ọ̀rọ̀. Dókítà náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde yé e. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Oníbéèrè ní iṣẹ́ tí òun máa ṣe nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ní òun náà. Kì í ṣe pé ó ń ṣe àfarawé. Ọwọ́ dókítà yẹn, tí kò gbọ̀n rárá, ló wọ̀ ọ́ lójú.

Wọ́n kàwé, wọ́n yege, ilé-ẹ̀kọ́ sì ké sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìyá ní òun á múra wọn sílẹ̀. Ó fi okùn ìwọ̀n-aṣọ kọ́rùn, ó jókòó sẹ́yìn máṣíìnì, ó fajú ro bí ẹni tó kàwé jù.

"Ó dáa, ìwọ ọmọ yìí, a ti fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò títí ó ti rẹ̀ wá. Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè kankan fún wa?"

Oníbéèrè ò tiẹ̀ mí. "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ìgbà wo ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan aláìsàn, ta ló sì ń dúró tì í lọ́jọ́ náà? Tó bá wá ṣèèṣì ṣe aláìsàn léṣe ńkọ́, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún? Ẹni tó bá kùnà ìdánwò, ṣé ẹ máa ń jókòó tì í ni, àbí ẹ máa ń ní kó máa lọ? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́ mà, kí ló wà nílé-ẹ̀kọ́ yìí tí inú yín ò dùn sí?"

"Yéè!" Ìyá nawọ́ sókè. "Ẹ gbà á wọlé o! Ẹ tètè gbà á wọlé, kó má baà fi ìbéèrè pa wá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó kan Jẹ́jẹ́, ó ní, "Rárá mà, kò sí. Ẹ ṣeun mà." Ìyá wò ó lọ́tùn-ún lósì. "Ṣé o gbàgbé ahọ́n ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ni?" Ẹ̀rín tún sọ. Jẹ́jẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ta á nínú.

Nígbà tí wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn, Oníbéèrè sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bi wọ́n ní ohun tó wà lójú pátákó ìkéde. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ọdún púpọ̀ lẹ máa lò níbẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe ń wò yín, ẹ̀yin náà máa wò wọ́n." Jẹ́jẹ́ ní òun ti gbọ́. Kò wá ìbéèrè kankan.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n pè ṣáájú. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn dáadáa. Olórí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ obìnrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó ti awò náà sókè, ó pa fáìlì dé, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní ìbéèrè fún wa?"

Jẹ́jẹ́ ò ní ìbéèrè kankan. Ó fẹ́ ní kò sí, ló bá rántí ẹ̀rín inú ṣọ́ọ̀bù. Ó lanu, ọ̀rọ̀ Oníbéèrè ló jáde, bó ṣe tò ó gẹ́lẹ́.

"Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló sọ fún àwọn ọmọ inú gbọ̀ngàn. "Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi wá àwáwí. Mo lè dúró lẹ́yìn ìkíní. Mi ò dúró. Mo bi wọ́n tán pátá, mo sì rí i bí ojú wọn ṣe ń tàn sí mi, ó sì dùn mọ́ mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara balẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tó dé orí ẹni tó bá ṣe aláìsàn léṣe, ó ní, "Aláìsàn fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ ń sọ fún. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó wá bá mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sá wá sọ́dọ̀ mi, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò."

Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló rí ohun tó ṣe. Oníbéèrè ló kàn. Bó bá wọlé lọ béèrè ohun kan náà, ìgbìmọ̀ á mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn jalè, Oníbéèrè náà á sì mọ ẹni tó jẹ́.

"Báwo ló ṣe lọ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Tí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè, sọ pé rárá."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹnì kan béèrè ṣáájú mi, inú bí wọn. Wọ́n ní aláṣejù ni."

Oníbéèrè wò ó. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo ti tàn ọ́ jẹ rí ni?"

"Mi ò tíì tàn án jẹ rí lóòótọ́," ni Jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn ọmọ inú gbọ̀ngàn. "Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́."

Nígbà tí àbájáde dé, orúkọ Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, ti Oníbéèrè ò sí. Oníbéèrè kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, ó bá a yọ̀ tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà lọ sunkún. Jẹ́jẹ́ tẹ̀lé e, ó ń nu ojú rẹ̀. "Ẹ wò mí o," ló sọ fún àwọn ọmọ náà. "Èmi tí mo dá a lóró, èmi náà ni mò ń pàrọwà fún un."

Àwọn tó ń gbọ́ ọ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó ní èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ ń parí lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a dúró lórí àtẹ̀gùn. "Àbúrò rẹ tẹ́ ẹ jọ wá," ló wí, "mi ò gbàgbé ẹ̀. Ó dáhùn dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ní kó bi wá ní nǹkan, ó ní kò sí, ó dà bí ẹni pé kò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ló fi kùnà. Sọ fún un kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kó má bẹ̀rù, kó béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn ẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà."

Nínú ọkọ̀ tó gbé e lọ sílé fún ìsinmi, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò: "Wọ́n ní kó o padà wá." Ó dé ilé, ó bá Oníbéèrè láàárín ìwé, ó ti ń múra láti tún gbìyànjú. Ọmọ náà fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wádìí lọ́wọ́ wọn ohun tí mo ṣe tí wọn ò fi mú mi? Kí n lè tún un ṣe."

Jẹ́jẹ́ rí i lọ́kàn ara rẹ̀: Oníbéèrè níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń béèrè àwọn ìbéèrè tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti mọ̀ mọ́ orúkọ òun.

"Mo ti wádìí," ló wí. "Wọ́n ní kó o má wulẹ̀ padà wá. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn."

"Ọwọ́ mi?"

Oníbéèrè tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí ìwé, ó ń wò wọ́n, ó yí wọn, ó tún wo ẹ̀yìn wọn. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó àwọn ìwé rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò. Kò pẹ́ tó fi rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mànàmáná, níbi tó ti ń gbé fóònù àwọn tí iná wọn ti lọ. Ẹni tó máa ń da ìbéèrè bo gbogbo ayé wá di ẹni tí gbogbo ayé ń bú mọ́ lórí fóònù.

"Ìyẹn ni mo ṣe," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. "Wọ́n rán mi ní ìhìn rere sí àbúrò mi, mo gbé e mì, mo sì fi májèlé rọ́pò ẹ̀. Ọdún lẹ́yìn ọdún, mò ń wá síbí, mò ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ohun tó yí i lọ́kàn padà ṣẹlẹ̀ lórí àga ìtọ́jú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àṣekágbá yìí. Bàbá kan wá, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Jẹ́jẹ́ ń gbẹ́ eyín rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ yọ̀, ó sì bá a létí ahọ́n. Egbò náà kéré. Òògùn tó fi mú kí ẹnu bàbá náà kú ò tíì kúrò, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tó ń mójú tó o wà lápá ọ̀hún, kò rí i. Jẹ́jẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, ó yọ ìbòmú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fi gé yín létí ahọ́n. Ẹ ó rí i pé ó máa ta yín tí òògùn bá kúrò. Mo fẹ́ pe olùkọ́ mi kó wá wò ó."

Nígbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán, bàbá náà ti ahọ́n yọ lójú dígí, ó wò ó fínnífínní, ó sì dá a padà. "Ọmọ mi, mo wa ọkọ̀ títí irun mi fi funfun. Ẹni tó bá kọ lù mí tó sì bọ́ sílẹ̀ wá sọ fún mi, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ọwọ́ ẹ ni mo ti máa parí eyín yìí. Ta ló kọ́ ẹ pé èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ ni, bàbá," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. Bó ti sọ ọ́ ló mọ̀ pé irọ́ tún nìyẹn. Oníbéèrè ló kọ́ ọ. Ìbéèrè tó jí ni ìdáhùn rẹ̀ wá dúró síwájú rẹ̀ yẹn: ẹni tí a ṣe léṣe ni a kọ́kọ́ ń sọ fún.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ó wọkọ̀ lọ sílé. Oníbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà. Jẹ́jẹ́ ò jókòó, kò sì fi ẹkún ṣáájú. Ó sọ ọ́ láti ìdí dé òkè: ìbéèrè, irọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìhìn tó gbé mì. Ìró máṣíìnì Ìyá ń dún ní iwájú ilé. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọwọ́, ìró náà dá.

Oníbéèrè wo ọwọ́ rẹ̀. "Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ mi?"

"Wọn ò sọ ọ́. Èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ ẹ."

"Àyè tó wà nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló gbà ni? Ṣebí àwa méjèèjì ì bá jọ wọlé."

Oníbéèrè gbé bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n-aṣọ lọ́rùn. "Ìwọ?" ló wí. "Ìwọ Jẹ́jẹ́ mi?" Ó dun Jẹ́jẹ́ ju kó gbá a létí lọ.

Jẹ́jẹ́ ti ibẹ̀ lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "Mo sì ti ń bínú sí ọmọ yẹn," ló wí. "Mo rò pé ó kórìíra wa ni kò fi padà wá." Ó ní kò sí òfin tí òun lè fi lé Jẹ́jẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ń kọ́gbọ́n lórí ẹ̀yẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ẹnu rẹ lo fi gba ìyìn náà. Ẹnu rẹ náà ni kó o fi dá a padà fún ẹni tó ni ín." Láti ìgbà náà, oṣù ń lọ, Oníbéèrè ò gbé fóònù Jẹ́jẹ́.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó gbé ojú sókè, kó lè sọ èyí tó kù sí wọn lójú. Lẹ́bàá fèrèsé ló ti rí i. Oníbéèrè jókòó láàárín wọn nínú aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run tí Ìyá rán, ó káwọ́ lé orúnkún. Ó ti wá àyè fúnra rẹ̀, kò sì sọ fún Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ di tábìlì mú. "Àbúrò mi wà níbí," ló wí. "Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ níwájú èrò, torí ìyẹn á dà bí ẹni tó ń fi tipá gba ìdáríjì. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé lọ ka tèmi fún wọn bí àkọ́sórí. Ẹ ronú sí ohun tó ń bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìyẹn. Tí ẹ ò bá ní, ẹ sọ pé ẹ ò ní. Kò pa èèyàn. Tí ẹni tó jókòó tì yín bá ní ọgbọ́n tí ẹ ò ní, ẹ ní kó kọ́ yín. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Àyè tí mo rò pé kò gba èèyàn méjì, inú ẹ̀ gbòòrò."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Oníbéèrè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ́jẹ́ láìwò ó. Ó pẹ́ nínú yàrá náà ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, Jẹ́jẹ́ sì gbọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tó bi wọ́n níbẹ̀, Jẹ́jẹ́ ò mọ̀ ọ́n dòní. Kò wádìí.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró, nígbà tí Oníbéèrè jáde.

"Mi ò tíì dárí jì yín tán o," ni Oníbéèrè wí.

"Mo mọ̀."

"Nígbà míì, mo máa ń wo ọwọ́ mi, inú á tún bí mi bí ẹni pé àná ni. Ó lè pẹ́."

"Kó pẹ́."

Oníbéèrè jókòó tì í. "Ebi ń pa mí. Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹun. Ẹ wá nǹkan fún mi jẹ."

Jẹ́jẹ́ sáré lọ ra búrẹ́dì àti tíì, wọ́n sì jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì náà.

Nígbà tí àbájáde dé, orúkọ Oníbéèrè wà níbẹ̀. Fóònù tó kọ́kọ́ pè ni ti Ìyá. Èkejì ni ti Jẹ́jẹ́: ó ní òun fẹ́ kó lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹrù òun wúwo. Ẹrù náà wúwo lóòótọ́, àpótí ìwé ńlá kan, ìwé tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Jẹ́jẹ́ ti ṣe tán ìdánwò ìgbẹ̀yìn nígbà náà, ó ń kó jáde bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń kó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ dá gbé àpótí náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Oníbéèrè wí. "Ẹ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún mú. Èmi á di tibí mú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń gbé e, Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ abíyá, ó ń pariwo pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má jù ú lé òun lórí.